Àwọ̀ Kì Í Ṣe Gíga: Ìrírí Mi Nínú Fífi Ẹ̀rọ Gbẹ́ Àmì Ìdánimọ̀ Sára Pákó

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Ìbàdàn ni gbígbẹ́ àmì ìdánimọ̀ sára igi, ìbáà ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí àwa tí a ń lò ó ń pè ní CNC, ni ó ń gé igi náà. Síbẹ̀, apá tí ó le jù nínú iṣẹ́ yìí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ rárá. Ohun tí oníbàárà sábà máa ń mú wá ni àwòrán pẹlẹbẹ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ohun tí ó sì ń retí ni ọnà tí ó yọ jáde lára pákó, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ pa kí ó mọ ibi tí ó ga àti ibi tí ó rẹlẹ̀. Láàárín méjèèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí ó wà níwájú àti ohun tí ó wà lẹ́yìn, nítorí pé àwòrán pẹlẹbẹ kò sọ ọ́, ẹ̀rọ kò sì lè fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ ni àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí mo gbẹ́ fún gbọ̀ngán ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, tí ó jẹ́ mílímítà 600 ní ìbú àti ní òró. Gbogbo wa ni a mọ àmì náà láti orí ìwé ìrìnnà wa: asà dúdú tí ìlà funfun oníyànà pín sí mẹ́ta, ìlà tí ó dúró fún odò Ọya àti odò Bẹ́núé níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹṣin funfun méjì tí wọ́n di asà náà mú lọ́tùn-ún àti lósì, òṣùká aláwọ̀ ewé àti funfun lókè asà, tí idì pupa bà lé lórí, ilẹ̀ eléwéko àti òdòdó nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà sí. Ẹni tí ó bá wò ó lórí ìwé yóò rò pé ohun gbogbo ti wà níbẹ̀, pé kò ku nǹkan kan ju kí a gbé e fún ẹ̀rọ lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń sọ àwòrán di gíga kò mọ̀ ju òfin kan lọ. Ó máa ń sọ gbogbo àwọ̀ di àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà ni yóò ka funfun sí ibi tí ó ga jù, yóò ka dúdú sí ibi tí ó jìn jù, yóò sì fi eérú kọ̀ọ̀kan sí ipò tí ó bá a mu láàárín méjèèjì. Bí a bá fún un ní mílímítà 12 láti gbẹ́, asà dúdú yóò di kòtò tí ó jìn ní mílímítà 12, àwọn ẹṣin yóò yọ ju ohun gbogbo lọ, idì tí ó yẹ kí ó borí gbogbo wọn yóò sì rì sísàlẹ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ ń lò máa ń fún àwọ̀ ewé ní ìpín tí ó pọ̀ jù, pupa ni ó tẹ̀lé e, búlúù ni ó kéré jù, nítorí pé bí ojú ènìyàn ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n wò ṣe é. Nítorí náà, pupa tí kò ní àbùlà yóò gba 76 lórí òṣùwọ̀n tí ó lọ láti 0 dé 255, nígbà tí àwọ̀ ewé ara àsíá wa yóò gba nǹkan bí 88. Nínú mílímítà 12, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé idì pupa àti ibi tí ó jẹ́ ewé lára òṣùká yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ipele kan náà, tí òṣùká tilẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ẹyẹ tí ó bà lé e.

Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fojú ara rẹ̀ rí i. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fún ẹ̀rọ ní àwòrán náà bí ó ṣe wà, lórí ègé arère tí kò wúlò fún ohun mìíràn. Nígbà tí ó gbá eruku kúrò lórí rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹṣin ló ga ju idì lọ. Asà sì ti di kòtò.” Mo bi í pé ta ni ó sọ fún ẹ̀rọ pé idì ni ó yẹ kó wà níwájú. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún un, sà.” Láti ọjọ́ náà, kò tún gbé àwòrán fún ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ mú bébà àti pẹ́ńsù.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń tẹ àmì náà jáde sórí bébà, n ó sì kọ nọ́ńbà sí gbogbo ibi tí nǹkan kan ti gba iwájú nǹkan mìíràn. Nínú àmì àṣẹ wa, ilẹ̀ pákó ni 0. Ìrù ẹṣin jẹ́ mílímítà 2, ìdí rẹ̀ jẹ́ 5, àyà rẹ̀ jẹ́ 7. Etí asà jẹ́ 7, àárín rẹ̀ sì wú dé 9, nítorí asà tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ kò jọ ohun tí ènìyàn lè fi gba ọfà. Ìyẹ́ apá idì bẹ̀rẹ̀ láti 5 ní ṣóńṣó rẹ̀, ó sì ń gòkè bọ̀ wá sí 10 ní èjìká. Orí rẹ̀ nìkan ni mo fún ní gbogbo mílímítà 12. Ibi tí mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni ọwọ́ iwájú àwọn ẹṣin náà. Ara ẹṣin wà lẹ́yìn asà, ṣùgbọ́n pátákò rẹ̀ gbé lé etí asà, ó sì di dandan kí ó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò ti ẹ̀yìn wá sí iwájú láàárín ìwọ̀nba ìka mélòó kan, kí pátákò tó débi tí yóò fi mílímítà 2 ga ju etí asà lọ. Bí ẹsẹ̀ náà bá gòkè lójijì, yóò dà bíi pé ó kán. Bí kò bá sì gòkè tó, pátákò yóò wọ inú asà lọ, àwọn ẹṣin náà kò ní di ohunkóhun mú mọ́.

Mílímítà 2 yẹn kì í ṣe ohun tí mo kàn ṣà láti inú afẹ́fẹ́. Ọnà tí ó yọ kò ní àwọ̀ tí yóò fi ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, òjìji nìkan ni ó ní. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí ìyàtọ̀ gíga níbi tí nǹkan méjì ti pàdé kò bá tó mílímítà 1 àti ààbọ̀, ẹni tí ó jókòó ní ìdajì gbọ̀ngán kò ní rí i rárá, bí ó ti wù kí ó dára tó nígbà tí a bá gbé e sórí tábìlì. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ọnà tinrin dà bí ẹni pé ó nípọn ni kí a náwó gíga síbi tí ojú nílò rẹ̀, ní etí tí nǹkan ti bo nǹkan, kí a sì jẹ́ kí àárín ohun kọ̀ọ̀kan rọra ga, kí ó rọra rẹlẹ̀.

Kí n tó lè ṣe gbogbo èyí, mo gbọ́dọ̀ ní ìlà tí ó mọ́. Àwòrán JPEG tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá lórí fóònù kún fún ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké ní etí gbogbo nǹkan, ojú wa kì í sì í rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń rí wọn, yóò sì gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sára pákó bíi rorẹ́. Mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ẹni tí ó tẹ káàdì ìpè tàbí kàlẹ́ńdà wọn ṣì ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ nínú CorelDRAW, ètò tí àwọn atẹ̀wé fi ń ya àwòrán. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa ń ní i, nítorí àwọn atẹ̀wé wa kì í ju fáìlì nù. Bí kò bá sí, Inkscape, ètò ìyàwòrán tí a kì í san owó fún, lè fa ìlà yí àwòrán ká, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fi ọwọ́ tún ìlà náà fà, pàápàá ẹnu idì àti gọ̀gọ̀ ẹṣin, nítorí ohun tí ètò náà bá fà níbẹ̀ máa ń wọ́ gọ́lọgọ̀lọ. Nígbà tí mo bá sì fẹ́ gbé àwòrán gíga náà jáde, ìyẹn àwòrán eérú tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, fáìlì oníbíìtì 16 ni mo máa ń lò, kì í ṣe oníbíìtì 8; bíìtì ti fáìlì yìí ni ó ń sọ iye ipele gíga tí ó lè gbà. Oníbíìtì 8 kò ní ju ipele 256 lọ, nínú mílímítà 12 ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.05 mílímítà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lára ìhà ẹṣin, níbi tí gíga ti yí padà díẹ̀díẹ̀ lórí àyè tí ó fẹ̀, ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn máa ń hàn ní ìlà ìlà bí a bá ti fi àwọ̀ igi pa á, tí ìmọ́lẹ̀ sì gbà á láti ẹ̀gbẹ́. Oníbíìtì 16 ní ipele 65,536, ìlà náà a sì pòórá.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ mi kò lè ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà rìn: sí ọ̀tún àti òsì, síwájú àti sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀. Láti òkè nìkan ni bíìtì, irin ẹlẹ́nu mímú tí ó ń yí tí ó sì ń gé igi (kì í ṣe bíìtì ti fáìlì), ti ń wọlé, kò sì lè yí gba abẹ́ nǹkan. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gi tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924 tí ó sì wà ní British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀, di òní. Ó jẹ́ kí orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ jáde kúrò lára pákó débi pé àlàfo wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ onírìn mẹ́ta kankan kò lè gbẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, abẹ́ àgbọ̀n ẹṣin àti abẹ́ ẹnu idì, ọ̀bẹ ni a fi ń gbẹ́ wọn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti parí tirẹ̀, mo sì gbà gbọ́ pé ibi kékeré wọ̀nyẹn ni ó ń mú kí ènìyàn sún mọ́ iṣẹ́ náà láti wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn agbẹ́gi wa àtijọ́ ní ìlànà mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ̀lé, èyí tí wọ́n tún lò ní ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, níbi tí Lámídì Fákẹ́yẹ, gbajúgbajà agbẹ́gi, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrówóògùn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Mo ń lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ètò tí ó dára ju èyí lọ. Fún ọnà lílé, bíìtì olórí pẹlẹbẹ oní mílímítà 6 ni mo fi ń kó igi tí a kò nílò kúrò, n ó sì fi nǹkan bíi mílímítà 1 sílẹ̀ sórí gbogbo ojú ọnà. Fún àlétúnlé, bíìtì olórí roboto oní mílímítà 3 ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ títí ara nǹkan yóò fi jáde. Ohun tí ó ń pinnu bí ojú iṣẹ́ yóò ṣe dán tó ni àlàfo tí ó wà láàárín ìlọ kan àti ìbọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Bí àlàfo náà bá di ìlọ́po méjì, òkè wẹ́wẹ́ tí bíìtì ń fi sílẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Èmi a máa lo 0.3 mílímítà. Lórí pákó mílímítà 600, ìyẹn jẹ́ ìgbà 2,000 tí bíìtì yóò gba orí pákó kọjá, ó jẹ́ mítà 1,200 ní ìrìn, bí ó bá sì ń rin mílímítà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 10 gbáko ni. Mo ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà tí wọ́n rò pé ẹ̀rọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Wákàtí 10 ní ìlú tí iná lè lọ nígbàkígbà ní ìlànà tirẹ̀. Mo pín àlétúnlé sí agbègbè mẹ́rin, fáìlì kọ̀ọ̀kan fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí iná tí ó bá lọ má baà ba ju agbègbè kan lọ. Ẹ̀rọ náà ní swíìṣì ní igun rẹ̀ tí ó fi ń tún ojú ilé rẹ̀ mọ̀ bí iná bá dé, láìsí èyí yóò ṣòro gan-an láti padà sí ojú ibi tí a ti dúró. Ohun tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni pé kí orísun iná kan náà máa gbé mọ́tò tí ń yí bíìtì àti àwọn mọ́tò tí ń gbé e rìn. Bí ẹ bá fi ínfátà gbé kọ̀ǹpútà àti àwọn mọ́tò ìrìn nìkan, tí iná wá lọ, bíìtì tí kò yí mọ́ yóò ṣì máa rìn wọ inú igi, yóò sì kán.

Ní ti igi, ọ̀gánwó ni mo yàn, láti ọjà pákó Bódìjà. Ìrókò lẹ́wà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n fọ́nrán ara rẹ̀ lọ́ mọ́ra, a sì máa ń bá òkúta funfun líle pàdé nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tí ń ba ẹnu bíìtì jẹ́. Eruku rẹ̀ tún máa ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, ó sì ń dí wọn ní èémí. Arère rọ̀ jù, etí tí a bá gbẹ́ sára rẹ̀ máa ń yọ irun. Ọmọ̀ tí àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn dára púpọ̀ bí iṣẹ́ náà kò bá gba ohun tẹ́ẹ́rẹ́. Pákó méje tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo lẹ̀ pọ̀ dípò mẹ́fà, nítorí pé bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ojú ìlẹ̀pọ̀ kan yóò gba àárín gan-an kọjá, yóò la àyà idì àti ẹsẹ̀ ìlà oníyànà inú asà. Mo to fọ́nrán igi ní òró, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin náà dúró lóròó, fọ́nrán tí ó bá sì bá ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba kì í jẹ́ kí ó fọ́ nígbà tí bíìtì bá dé etí rẹ̀. Mo jẹ́ kí pákó náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí tí ó fi gbẹ dáadáa kí n tó fi gúlù kàn án, torí ọyẹ́ kì í fojú fo igi tútù.

Àwọn lẹ́tà inú ọ̀já nílò ọgbọ́n mìíràn. Bíìtì olórí roboto oní mílímítà 3 kò lè wọ igun tí ó kéré ju ara rẹ̀ lọ, nítorí náà lẹ́tà kékeré tí a bá ní kí ó yọ sókè yóò di roboto ní gbogbo igun inú rẹ̀. Mo yọ lẹ́tà kúrò nínú àwòrán gíga pátápátá, mo sì fi bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó oní dígírì 60 gbẹ́ wọn sínú ọ̀já lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti jáde. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi fún mi nígbà tí ó bá kan àwọn ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà wọn jẹ́ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ni ó ń mú àmì wá láìsí àmì ohùn, láìsí ẹ̀kán abẹ́ lẹ́tà, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á kò fi wọ́n sí. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dá wọn padà. Bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè tẹ ẹ̀kán sábẹ́ lẹ́tà tí kò ga ju mílímítà 10 lọ, yóò sì mọ́ kedere. Kò sí ìdí kankan nínú ẹ̀rọ tí a ó fi kọ èdè wa láìpé sára igi tí yóò wà lórí ògiri fún ogójì ọdún.

Lẹ́yìn dídán, èyí tí mo ń fi ọwọ́ ṣe pẹ̀lú sáńpépà láti nọ́ńbà 120 dé 240 láìjẹ́ kí ó jẹ etí kankan, fínfín ni ó kù. Ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí a kùn ún ní àwọ̀, wọ́n fẹ́ kí igi hàn. Ṣùgbọ́n asà dúdú gbọ́dọ̀ dúdú. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn oníṣẹ́ ọnà fínfín ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo ìlà láti dúró fún àwọ̀ lára irú àmì báyìí: ìlà òró fún pupa, ìlà ìbú àti òró tí wọ́n gba ara wọn kọjá fún dúdú, òfìfo fún fàdákà. Mo fi bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín irú ìlà àgbékọjá yẹn sára asà, kò jìn ju 0.3 mílímítà lọ, mo sì fi ìlà oníyànà sílẹ̀ ní dídán. Nígbà tí mo fi àwọ̀ igi pa á tí mo sì nù ún, inú ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni àwọ̀ náà dúró sí, asà sì ṣókùnkùn yí odò méjèèjì ká. Ìyẹ́ idì náà gba ìlà òró tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni ibi tí wọn yóò gbé e kọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi máa ń lọ wo ibẹ̀ fúnra mi kí n tó pín gíga rárá. Wọ́n ti ní gílóòbù alágbára kan ní iwájú ògiri náà tí ó kọjú sí i tààrà, irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí òjìji kankan wà. Mo ní kí oníṣẹ́ iná wọn gbé e lọ sí òkè àjà, kí ó máa tàn sílẹ̀ láti òkè ní igun. Mo wá kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn pákó náà ní apá òkè, kí orí rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí àwọn tí wọ́n jókòó nísàlẹ̀, tí wọn kò fi ní máa wo abẹ́ ọ̀já dípò ojú idì.